Ẹkùn Òdìkejì Odò

Ojú tí wọ́n torí rẹ̀ sọ ọ́ ní Ojú Àwòdì ti ń já a kulẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Iṣẹ́ afinimọ̀nà ló ń ṣe nínú igbó kìjikìji tó wà lẹ́yìn ìlú etíkun. Bí ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ bá gúnlẹ̀, ọkọ̀ tó ga bí ẹni pé wọ́n gbé odindi àdúgbò kan sórí omi, bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ wọn a lọ kó àwọn èrò tó bá fẹ́ wo ẹranko igbó. Òun a dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà, a mú wọn wọlé, a fi ẹdun hàn wọ́n, a fi odídẹrẹ́ hàn wọ́n, a sì dá wọn padà kí ọkọ̀ tó fọn fèrè. Nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì wà lójú, kò sí ohun tó lè sá pamọ́ fún un. Alágẹmọ tó ti di ewé lórí ewé, yóò rí i. Ilé iṣẹ́ kúkú kọ orúkọ ìnagijẹ náà gàdàgbà sẹ́yìn ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀.

Àṣé àwòdì ti ń di adìyẹ ìrọ̀lẹ́. Ohun tó bá wà nítòsí mọ́ ọn kedere, ṣùgbọ́n ohun tó bá jìnnà díẹ̀ a dà bí àwòrán tí wọ́n da omi sí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò jẹ́ kí ẹni tí kò ríran wá fi ẹyẹ han òun? Etí ló wá fi ń ṣiṣẹ́, nítorí kò sí igbe tó ń ké nínú igbó náà tí kò mọ ẹni tó ni ín. Bí etí kò bá sì gbọ́ nǹkan, ojú àwọn èrò ni yóò máa wò. Bí ẹnì kan bá ṣàdédé la ẹnu sílẹ̀, tó nàka sókè, Ojú Àwòdì a rẹ́rìn-ín músẹ́, a ní, "Ẹ ṣeun. Mo ti rí i tipẹ́, mo kàn fẹ́ mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ rí i ni." Inú onítọ̀hún a dùn, àwọn yòókù a máa jowú rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò rí tàn. Obìnrin náà ń lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì kan, ojú rẹ̀ sì mú débi pé àbàwọ́n tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ kò lè gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ọkọ rẹ̀ tó tẹríba lẹ́yìnkùlé, tó ń kí ènìyàn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Bàbá wa, ta lẹ̀ ń kí?"

"Ìyá onílé ni."

"Ìyá onílé ti rìnrìn àjò. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tí mo sá lẹ kí yẹn."

Ọkùnrin náà nà ró, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀. "Mo mọ̀. Ẹni tó bá kí aṣọ, ó kí aláṣọ."

"Ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà ojú."

"Kí Ojú Àwòdì máa wá gbé awò kọ́ imú? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kú sí, títí di ọjọ́ ẹkùn.

Lọ́jọ́ náà, òjò ńlá ti kọ́kọ́ rọ̀, igbó rin gbingbin, ìkùukùu bo ibi gbogbo. Ẹranko tó bá gbọ́n kì í jáde nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ wọn, ọkùnrin kan tí kò dàgbà tó Ojú Àwòdì, tó sì máa ń pè é ní ẹ̀gbọ́n bó bá ń wá ojúure, ti pè é lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó wá kẹ́yìn ní ẹ̀fọn nìkan làwọn rí. Wọ́n ti kọ ọ́ síta fún gbogbo ayé kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà jẹ́ kí ti òní rí nǹkan."

"Bíi kí ni, ọ̀gá?"

"Ohunkóhun tó bá ti ní irun lára."

Àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀. Adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì wà nínú wọn, òun àti aya rẹ̀, àti ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà tí ẹnu rẹ̀ gùn bí ọmọ odó. Wọ́n rìn títí, wọn kò gbọ́ nǹkan kan ju omi tó ń kán láti orí ewé lọ. Odídẹrẹ́ kò fọhùn. Ẹdun kò fò. Bàtà adájọ́ ti kún fún ẹrẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo Ojú Àwòdì bí ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ kò ní dára.

"Ọ̀gbẹ́ni," ó ní, "ṣé igi nìkan lẹ ní ńbí ni?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Ẹranko kì í wá bá ẹni tó bá ń kánjú."

Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni àyà rẹ̀ ń já. Wọ́n dé ibi tí wọ́n fi pákó ṣe bí àjà létí odò, níbi tí èèyàn ti lè dúró wo òdìkejì. Igi ńlá kan wà lọ́hùn-ún tí ẹ̀ka rẹ̀ nà bí apá. Ojú Àwòdì wo ọ̀nà ibẹ̀ láìní ìrètí kankan. Ohun kan nà gbalaja sórí ẹ̀ka láàárín ewé: ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ní àmì dúdú tótòtó lára, apá kan rẹ̀ sì rọ̀ sílẹ̀ tó ń mì díẹ̀díẹ̀.

Láti ìgbà tí Ojú Àwòdì ti wọṣẹ́, kò rí ẹkùn rí. Ipasẹ̀ rẹ̀ ló rí, ẹ̀ẹ̀kan péré, nínú ẹrẹ̀, ó sì fi odindi ọdún kan sọ ìtàn rẹ̀.

"Ẹkùn," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kò purọ́. Ohun tó gbàgbọ́ pé òun rí ló sọ.

Aya adájọ́ ló kọ́kọ́ di ọkọ rẹ̀ lápá mú. "Mo rí ìrù rẹ̀! Ẹ wò ó, ó ń jù ú!" Adájọ́ gbé awò tó ń fa ohun òkèèrè súnmọ́ni sójú, ó wò ó sùn-ùn láàárín ìkùukùu, ó ní, "Ojú rẹ̀ rèé. Ó ń wò mí." Ẹlòmíràn ní ó yán. Oníkámẹ́rà kàn ń yà á láyàtúnyà. Ní ti Ojú Àwòdì, kò rí ìrù, kò rí ojú, kò sì rí ibi tó ti yán. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí ojú wọn mọ́ bá ti ní àwọn rí i, ta ni òun tí yóò jiyàn? Báyìí ni àwọn tó ríran gba ẹni tí kò ríran gbọ́, ẹni tí kò ríran náà sì gba àwọn tó ríran gbọ́. Awakọ̀ tẹ fèrè, wọ́n padà sídìí bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ẹ̀rín, adájọ́ sì bọ Ojú Àwòdì lọ́wọ́ bí ẹni pé òun ló bí ẹkùn náà.

Kí ọkọ̀ ojú omi tó ṣí, gbogbo èrò inú rẹ̀ ti gbọ́. Kí ó tó dé èbúté tó kàn, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a, ṣùgbọ́n irọ́ tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi, òtítọ́ yóò kọ́kọ́ wá tíkẹ́ẹ̀tì ná. Ọ̀gá ya orí ẹkùn ràgàjì sára bọ́ọ̀sì. Ó ra ẹ̀wù tuntun fún Ojú Àwòdì, ó sì fún un ní àga tó ní tìmùtìmù nínú ọ́fíìsì, àga tí kò rí àyè jókòó sí rí nítorí inú igbó niṣẹ́ rẹ̀ wà.

Àwọn èrò tó ń bọ̀ kò bèèrè ẹdun mọ́. "Ẹkùn ńkọ́?" ni gbogbo wọn ń wí kí wọ́n tó sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé ẹkùn kì í jìnnà. Bí wọ́n bá ti dé etí odò, yóò wà lórí ẹ̀ka rẹ̀, gbalaja. Díẹ̀díẹ̀, ìfẹ́ ẹranko náà wọ Ojú Àwòdì lára. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ nínú ọkàn. Ó ní ó ti dá òun mọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń ròyìn ẹkùn rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ bí obìnrin náà ti ń lọ àpò ìrọ̀rí òtẹ́ẹ̀lì tó kó wálé. Obìnrin náà kò gbójú sókè.

"Ìgbà wo ló máa ń lọ jẹun?"

"Ta ni?"

"Ẹkùn yín. Òjò ń rọ̀, ó wà níbẹ̀. Oòrùn ń ràn, ó wà níbẹ̀. Ṣé ẹ̀ ń gbé oúnjẹ fún un ni?"

Ọkùnrin náà jẹun tán, ó ti àwo sẹ́yìn. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ibo ni ẹ ní dókítà ojú yẹn wà?"

Yàrá dókítà kéré, àga kan àti ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ló wà níbẹ̀.

"Ẹ ka lẹ́tà tó wà lójú ìwé yẹn fún mi, bàbá."

"Ìwé wo?"

"Èyí tó wà lára ògiri."

Ojú Àwòdì wo ọ̀hún títí. "Ẹ fi ògiri hàn mí ná."

Dókítà wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo ilẹ̀. "Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe, sà?" Kó tó dáhùn, ìyàwó ní, "Ẹ má bi í, dókítà. Ẹ kàn wá awò fún un."

Nígbà tí awò dé ojú rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ rí ni ìyàwó rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́hùn-ún. Ó rí i látòkèdélẹ̀. Ó rí ewú tó ti yọ létí orí rẹ̀, ó sì rí bí ó ti ń mú ẹ̀rín mọ́ra.

"Màmá wa, ẹ mà ti ń dàgbà."

"Ẹ̀yin náà wo dígí kí ẹ tó máa sọ̀rọ̀."

Ọjọ́ kan tí ọkọ̀ kankan kò gúnlẹ̀, ó dá lọ sí etí odò. Igbó yà á lẹ́nu: gbogbo ewé ló dá dúró láyè ara rẹ̀, kò sí ìkankan tó wọ inú èkejì. Ó gun orí pákó, ó mí kanlẹ̀, ó gbójú sókè wo ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Aṣọ òjò ni.

Aṣọ òjò aláwọ̀ ìyeyè tí ilé iṣẹ́ wọn ń pín fún èrò ni, tí atẹ́gùn gbé lọ há sórí igi, tí ọ̀rinrin sì ti sọ di alámì dúdú káàkiri. Apá rẹ̀ kan tó rọ̀ sílẹ̀ ni ìrù. Bí ewé ti ṣí díẹ̀, ó ń ka ohun tí wọ́n tẹ̀ síbi tí ikùn ẹkùn ì bá wà: Ẹ KÁÀBỌ̀ SÍNÚ IGBÓ WA.

Ó jókòó sórí pákó. Ojú kọ́kọ́ tì í, ó tì í débi pé ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó rántí adájọ́ tó ní ẹkùn ń wo òun lójú, ẹ̀rín sì gbé e. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bo awò tuntun. Nígbà tó nù ún tán, ohun tó kù nínú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rín. Ó dùn ún bí ẹni tó pàdánù ojúlùmọ̀.

Ó gba ọ́fíìsì lọ. Ọ̀gá ń jẹ búrẹ́dì.

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ kan wà o. Ẹkùn yẹn kì í ṣe ẹkùn."

"Aṣọ òjò ni," ni ọ̀gá wí. Ó bu búrẹ́dì sí i. "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n. Àga yín rèé."

"Ẹ mọ̀?"

"Oníkámẹ́rà yẹn, èmi ló kọ́kọ́ fi àwòrán ránṣẹ́ sí. Ó bi mí bóyá ẹkùn ni. Mo ní, ṣé ẹ̀yin ò rí i ni? Ó ní òun rí i. Mo ní, tóò."

"Ṣùgbọ́n irọ́ ni à ń pa fáwọn èèyàn!"

"Ta ló pa á? Ẹ̀yin lẹ ní ẹkùn, ẹ sì gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ní àwọn rí i, wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀. Èmi kò sọ nǹkan kan, mo kàn kun bọ́ọ̀sì ni." Ó wo ojú rẹ̀ dáadáa. "Kí lẹ gbé kọ́ imú yẹn? Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́. Kí èrò wá rí Ojú Àwòdì pẹ̀lú awò, wọn yóò ní kí la tún ń fi pamọ́. Mo ti ní kí wọ́n lọ yí aṣọ yẹn padà, kí lẹ́tà rẹ̀ kọjú sí igi."

Ojú Àwòdì ti awò bọ àpò àyà. Ó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ iṣẹ́ mìíràn, ọgbọ́n tó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣeé lò ní ìgboro. Ó wá ń mú èrò lọ síbẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló yí padà: ahọ́n rẹ̀ kọ̀ láti pe ẹkùn. "Ẹ wo òdìkejì odò" ló ń wí, a sì pa ẹnu dé. Àwọn èrò fúnra wọn ni í parí rẹ̀.

Bí wọ́n bá ti kọ ẹ̀yìn sí i tán, tí wọ́n ń wo igi, òun a rọra yọ awò, a gbé e sójú, a máa wo igbó tòótọ́ lẹ́yìn wọn.

Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ tí ọkọ̀ tó tóbi jù lọ gúnlẹ̀. Èrò pọ̀ lórí pákó, wọ́n ń fi ara gbún ara. Hẹ́ádìmásítà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń darí wọn bí ọmọ iléèwé, ó ní kí àwọn tó ga bọ́ sẹ́yìn. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò dá sí wọn, ìyá arúgbó kan tó ti ṣe agbẹ̀bí rí. Ó ti jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, ó bọ́ bàtà, ó ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀.

"Mà, ṣé ẹ ò ní wo ẹkùn ni?" ni Ojú Àwòdì bi í.

"Ọmọ mi, fi mí sílẹ̀. Àwọn ọmọ mi ló ní kí n wá gbádùn. Láti ìgbà tí mo ti wọ ọkọ̀ ni mo ti ń gbádùn, ó ti rẹ̀ mí."

Ojú Àwòdì rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn ti igi, ó gbé awò sójú. Ìgbà náà ni ewé ṣí lọ́nà tí wọ́n bá wá.

Ewé kò dún. Ohun tó jáde kò kánjú. Orí ni ó kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà èjìká tó ń lọ sókè sódò lábẹ́ awọ, lẹ́yìn náà ara tó gùn tí kò fẹ́ tán. Ẹkùn ni. Ó dúró láàárín ọ̀nà, ó gbé ojú lé wọn. Ojú Àwòdì rí irun imú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí ìgbà tí ihò imú rẹ̀ fẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e síwájú láìbi í, títí ó fi dúró láàárín ẹranko náà àti ìyá arúgbó.

Ó yẹ kó pariwo. Bó bá pariwo, wọn yóò sá, ẹni tó bá sì sá fún ẹkùn ti sọ ara rẹ̀ di ẹran. Lẹ́yìn tìyẹn, kí ni yóò pè é? Ẹkùn wà lẹ́nu gbogbo wọn lórí pákó lọ́hùn-ún. "Ó yán! Ẹ wò ó bó ṣe yán!" ni hẹ́ádìmásítà ń wí.

Ẹkùn tẹ́tí sí ariwo wọn díẹ̀. Ó yí orí padà bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn, ó gba inú igbó òdìkejì ọ̀nà, ewé sì pa dé.

Ó pẹ́ kí àwọn méjèèjì tó mí. Ohùn ìyá arúgbó ló kọ́kọ́ gbọ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, mà."

"Mo ti gbẹ̀bí títí ọwọ́ mi fi ń gbọ̀n," ni ìyá náà wí. "Irú ìdákẹ́rọ́rọ́ báyìí, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló máa ń wà nínú yàrá, kí ọmọ tó ké." Ó nu ojú rẹ̀. "Ṣé ká sọ fún wọn ni?"

Ojú Àwòdì wo àwọn èrò rẹ̀, gbogbo wọn kọ ẹ̀yìn, fóònù wà lókè bí ẹni ń ṣọpẹ́.

"Mà, wọ́n ti rí tiwọn."

Ìyá arúgbó rẹ́rìn-ín tó fi di ikùn mú. Nínú bọ́ọ̀sì, hẹ́ádìmásítà yíjú padà sí i, ó ṣàánú rẹ̀ gidi. "Ìyá, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí ẹkùn fo yín ru." Ìyá náà mi orí, ó ní, "Ara ló fà á, ọmọ mi. Àgbà ò rọrùn." Kò fojú kan Ojú Àwòdì, òun náà kò fojú kàn án, nítorí àwọn méjèèjì mọ̀ pé ẹ̀rín ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tó délé, ó ròyìn fún ìyàwó rẹ̀. Ó ròyìn èjìká, ó ròyìn irun imú. Obìnrin náà pa áyọ́ọ̀nù, ó gbọ́ ọ dópin, èyí tí kì í ṣe ìṣe rẹ̀.

"Kí ni wọ́n kọ sí ikùn tiẹ̀?"

"Màmá wa!"

"Mo gbà yín gbọ́," ni obìnrin náà wí. "Èyí tó jáde lọ jẹun, ẹkùn nìyẹn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé awò sójú láti ilé, ó sì wọ ọ́fíìsì lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá figbe ta. Ṣùgbọ́n èrò ọjọ́ náà rí awò, wọ́n wo irun orí rẹ̀ tó ti ń funfun, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Prófẹ́sọ̀, gbogbo ohun tó bá sì sọ ni wọ́n ń gbà. Nígbà tí ọ̀gá rí i bẹ́ẹ̀, ó ní òun ti ń rò ó tipẹ́ pé awò yóò yẹ ẹ̀gbọ́n òun. Ó ní kí wọ́n rán ẹ̀wù mìíràn.

Aṣọ òjò kò kúrò lórí igi. Àwọn èrò ń dé, wọ́n ń rí ìrù, wọ́n ń rí ojú. Òun náà a dúró lẹ́yìn wọn, a máa wo ọ̀nà. Ẹkùn kò tún gba ibẹ̀ mọ́, tàbí ó gbà á nígbà tí kò sẹ́ni níbẹ̀.

Ọjọ́ ìsinmi kan tí èbúté dá wáí, ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ. Obìnrin náà kò wọ inú igbó náà rí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ó ní òun rò pé kìkì èrò ọkọ̀ ló wà fún. Wọ́n jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n kọ ẹ̀yìn sódò. Wọ́n jókòó títí tí ìdí fi ń dùn wọ́n. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan ló jáde, ó jókòó sórí gbòǹgbò, ó ń jẹ èso kan yípoyípo bí ẹni ń ka ìwé, ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu, ó lọ.

"Ó tó," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì di apá rẹ̀ mú dìde.